Ṣé mo nílò ìwé àṣẹ ìkọ́lé kí n tó kọ́ ilé ewúrẹ́ sí oko bàbá mi ní Ìsánlú?

ÌyáEléwúrẹ́

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kà á dé ìsàlẹ̀.

Tísà ni mí, mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Yàgbà níbí, ní ìpínlẹ̀ Kogi, kí n tó fẹ̀yìn tì. Ewúrẹ́ ni mo ń sìn báyìí. Mo ní 23 ní ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí ni gbogbo wọn. Ẹ̀yìnkùlé náà ti há. Nígbà òjò tó kọjá, ilẹ̀ ọgbà di ẹrọ̀fọ̀, pátákò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Mo jókòó sórí àpótí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹsẹ̀ abo kan lé itan, mo ń fi ọ̀bẹ kékeré yọ ẹrẹ̀ tó há sáàárín pátákò rẹ̀. Ẹran náà ń gbọ̀n, kò sì ké. Òórùn tó ti ibẹ̀ jáde kò kúrò lọ́wọ́ mi títí ilẹ̀ fi ṣú, bí mo ti fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ tó. Ọmọ ewúrẹ́ márùn-ún ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ara mi pé àwọn ẹran yìí gbọ́dọ̀ ní ilé tí ẹsẹ̀ wọn ò ní kan ilẹ̀ tútù mọ́.

Bàbá wa fi oko éékà mẹ́fà sílẹ̀ ní ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tó bá kúrò ní ilé tó kẹ́yìn ìlú á rìn tó ogún ìṣẹ́jú kó tó débẹ̀. Ìlú ti rìn bá a báyìí. Ilé tuntun mẹ́ta ló ti wà ní ẹ̀gbẹ́ ààlà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń parí ẹ̀kẹrin lọ́wọ́. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀ oko, ibẹ̀ ni àwọn obìnrin àdúgbò ti ń rẹ ẹ̀gẹ́.

Ilé tí mo fẹ́ kọ́ rèé: gígùn rẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60, ìbú rẹ̀ 24. Búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́ta yípo, wáyà láti orí búlọ́ọ̀kù dé abẹ́ àjà kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, páànù lórí. Nínú, pákó tí a tò pẹ̀lú àlàfo ni ilẹ̀ rẹ̀, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí imí àti ìtọ̀ lè máa jábọ́ sísàlẹ̀. Ewúrẹ́ 60 ni mo ní lọ́kàn, pẹ̀lú yàrá kékeré fún oúnjẹ wọn.

Mo bi bíríkìlà mi bóyá ìwé kankan wà tí a máa gbà. Ó ní, "Màámi, oko ni. Ta ló ń gbàwé kọ́ ahéré?" Mo gbà bẹ́ẹ̀. A gbẹ́ ìpìlẹ̀, a to ìlà búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá mo dé oko, mo bá a tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ STOP WORK sára búlọ́ọ̀kù mi. Kò sí ẹni kankan níbẹ̀, kò sí ìwé, nọ́ńbà fóònù nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀. Mo pè é. Ẹni tó gbé e ní kí n wá "rí àwọn" kí a yanjú ẹ̀. Mo béèrè iye, kò dáhùn. Mo béèrè bóyá wọ́n máa já rìsíìtì fún mi, ó gé fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni pé ilé ẹran ní oko náà ń gba ìwé àṣẹ? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀? Owó ìfẹ̀yìntì mi ló wà nínú sìmẹ́ǹtì yẹn.

Aláfẹ̀yìntì_ÈtòÌlú

Tísà wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ọ́fíìsì ètò ìlú ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Kì í ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ wa yìí náà ni. Inú mi kò dùn sí bí ẹni yẹn ṣe dá yín lóhùn. Ẹni tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ dúró gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú. Ọ̀dà lára búlọ́ọ̀kù nìkan kò tó.

Síbẹ̀, òótọ́ ni mo máa sọ fún yín: ẹ nílò ìwé náà. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992, èyí tí àwa níbi iṣẹ́ máa ń pè ní Decree 88, ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí òfin yẹn ní ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ fún ni iṣẹ́ ìkọ́lé èyíkéyìí lórí ilẹ̀, nínú rẹ̀, lókè rẹ̀ tàbí lábẹ́ rẹ̀, àti yíyí ohun tí à ń fi ilẹ̀ ṣe padà lọ́nà tó máa kan àyíká. Ó kan gígé igi pàápàá. Kò sọ pé tó bá ti jẹ́ ti ẹran, ẹ máa kọ́ ọ lọ. Ahéré ewé tí bàbá yín ń sùn nígbà ìkórè, kò sí ẹni tó máa dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹsẹ̀ bàtà 60 tó ní ìpìlẹ̀ búlọ́ọ̀kù, tí ilé èèyàn mẹ́rin sì wà nítòsí rẹ̀, kì í ṣe ahéré mọ́.

Ibi tí wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn èèyàn ń da ìwé méjì pọ̀. Ìwé ilẹ̀ yàtọ̀, ìwé ìkọ́lé yàtọ̀. Ẹni tó ní C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀, lọ́wọ́ kò tíì gba àṣẹ láti kọ́ ohunkóhun. Ẹni tó sì gba àṣẹ ìkọ́lé kò fi ìyẹn sọ ara rẹ̀ di onílẹ̀.

Lórí ti ilẹ̀, ọkàn yín lè balẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Wọ́n lè fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ oko títí dé hẹ́kítà 500, àti títí dé 5,000 fún ìjẹko ẹran, láì jẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Éékà mẹ́fà yín kò tó hẹ́kítà méjì àbọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé bàbá yín ti ń dáko níbẹ̀ kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta 1978, òfin kà á sí pé ìjọba ìbílẹ̀ ti fún un ní ẹ̀tọ́ náà. Ohun tó kù ni kí ẹ̀yin ẹbí fi ẹnu kò, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé ẹ gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò àyíká ńlá, ìyẹn EIA, kí ẹ tó kọ́lé ewúrẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Òfin mìíràn, Decree 86 ti 1992, ló mú un wá. Ohun tó sọ di dandan nínú iṣẹ́ oko ni èyí tó bá gba hẹ́kítà 500 sókè, tàbí tó máa kó ọgọ́rùn-ún ìdílé kúrò níbi tí wọ́n ń gbé.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ má to búlọ́ọ̀kù kan kún un. Ẹni tó bá ń kọ́ lọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ní kó dúró ń fún wọn ní ìdí láti wó o ni. Ẹ gba awọnlẹ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí, kó wọn ibẹ̀. Ẹ gba ẹni tó mọ ilé yà, kó ya pláànù rẹ̀: bí ilé ṣe rí láti òkè, bó ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́, àti ibi tó wà nínú oko pẹ̀lú ọ̀nà, odò, àti ilé àwọn aládùúgbò. Àwòrán kẹta yìí ni àwọn èèyàn kì í kà sí, òun sì ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ fi hàn nínú rẹ̀ ibi tí imí ẹran máa lọ. Lẹ́yìn náà, ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹbí, rìsíìtì owó orí yín, àti fọ́ọ̀mù wọn. Ọ́fíìsì ètò ìlú gan-an ni kí ẹ lọ, kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára búlọ́ọ̀kù. Báńkì ni kí ẹ san owó sí, kí ẹ sì rí i pé rìsíìtì tẹ̀ yín lọ́wọ́.

Ẹ má lọ sí Àbújá o. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ tí ìpínlẹ̀ Èkó bá ìjọba àpapọ̀ ṣe pé ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú.

Ẹlẹ́dẹ̀_Kàbà

Mọ́mì, ẹ káalẹ́. Bàbá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti sọ ti òfin. Ohun tí ojú mi rí ni èmi fẹ́ sọ, kó má ṣẹlẹ̀ sí yín.

Mo kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ nítòsí Kàbà. Mo gba ìwé, gbogbo rẹ̀ pé. Kò tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n fi pè mí sí ààfin. Àwọn tó ń gbé ní òkè mi ní àwọn ò lè jẹun ní ìta mọ́. Inú bí mi. Mo ní mo ní ìwé. Àgbà kan ní, "Ọmọ, wá bá wa jókòó níbí títí di ìrọ̀lẹ́." Mo jókòó. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́rin, atẹ́gùn yí padà, mo sì gbóòórùn ẹlẹ́dẹ̀ tèmi látorí àga ìyá arúgbó kan tó ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò lè sọ nǹkan kan. Ìyá yẹn ò bú mi. Ó kàn ń fi ìborí rẹ̀ bo imú, ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo kó kúrò níbẹ̀ lọ́dún yẹn, owó tí mo sì sọ nù pọ̀ ju iye tí mo fi kọ́ ọ lọ.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé kò sí ẹni tó bi mí nípa atẹ́gùn nígbà tí mo ń gba ìwé. Èmi náà ò sì ronú kàn án. Ní ilẹ̀ wa yìí, atẹ́gùn òjò ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá. Nígbà ọyẹ́, láti àríwá-ìlà-oòrùn ni. Bí ilé ẹran yín bá wà ní ọ̀kan nínú apá méjèèjì yẹn sí ilé àwọn èèyàn, apá kan ọdún ni wọ́n á fi máa mí òórùn rẹ̀ sínú. Kó wà ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn wọn tàbí ní gúúsù-ìlà-oòrùn wọn ló dára, kí atẹ́gùn méjèèjì lè máa gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ẹ dúró lórí ìpìlẹ̀ yín, kí ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń yọ, kí ẹ wá sọ fún wa ibi tí àwọn ilé mẹ́rin yẹn wà.

Kí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú ilé náà kan kọjú sí ìlà oòrùn, kí èkejì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ máa wo àríwá àti gúúsù. Bí ẹ bá gbé e kọjú sí ibòmíì, oòrùn ìrọ̀lẹ́ á wọlé gba inú wáyà yẹn, á sì máa sun wọ́n.

Ti odò yẹn ló ń kó ẹ̀rù bá mi jù. Èmi kì í jẹ́ kí kòtò imí ẹran sún mọ́ kànga tàbí odò ju mítà 30 lọ, tí ilẹ̀ bá sì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo máa ń jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ewúrẹ́ kì í tó ti ẹlẹ́dẹ̀, imí rẹ̀ sì gbẹ, ìyẹn dára fún yín. Ṣùgbọ́n òjò ńlá kan péré ló máa fọ̀ ọ́ lọ sínú omi tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́.

ỌmọBùnú_Òkèèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. England ni mo wà, oko màlúù ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí, bóyá á ràn yín lọ́wọ́ bí ẹ bá ń ya àwòrán kẹta tí bàbá sọ yẹn.

Níbí, oko tó bá tó hẹ́kítà márùn-ún sókè lè kọ́ ilé iṣẹ́ oko tí kò ju mítà onígun mẹ́rin 1,500 lọ láì gba ìwé àṣẹ kíkún. Ọdún 2024 ni wọ́n gbé e dé ibẹ̀, 1,000 ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n á kàn kọ̀wé sí ọ́fíìsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì á sì ní ọjọ́ 28 láti sọ bóyá ó fẹ́ wo ibi tí ilé náà máa wà àti bó ṣe máa rí. Ṣùgbọ́n bí ilé náà bá jẹ́ ti ẹran, tàbí ibi tí wọ́n ń kó ìgbẹ́ ẹran sí, tó sì wà láàárín mítà 400 sí ilé ẹlòmíràn, àǹfààní yẹn ti bọ́ nìyẹn. Dandan ni kó gba ìwé kíkún, kí àwọn aládùúgbò sì sọ tẹnu wọn. Ilé tó wà nínú oko náà fúnra rẹ̀ kò sí nínú kíkà.

Mítà 400 kì í ṣe òfin wa ní Kogi, mo mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé lórí ọ̀rọ̀ ẹran, ohun tí wọ́n ń ṣọ́ níbi gbogbo ni bó ṣe sún mọ́ ibi tí èèyàn ń sùn tó.

ÌyáEléwúrẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò mi tó wà ní òkèèrè, ohun tí o sọ yé mi, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí níbí. Bí mo bá gbé ilé náà lọ sí mítà 400 sí ilé àwọn èèyàn, inú igbó ní apá kejì òkè ni mo máa bọ́ sí, kúrò lórí ilẹ̀ bàbá mi. Ta ló máa sùn tì wọ́n níbẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí láti ọdún bíi mélòó kan yìí. Àwọn ọkùnrin tó ń dáko iṣu ní ọ̀nà jíjìn, ọ̀pọ̀ wọn ti fi í sílẹ̀, wọ́n ti wá ń gbìn sí ìtòsí ilé. Mi ò ní rán ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sùn sínú igbó nítorí ewúrẹ́, mi ò sì lè fi ewúrẹ́ 60 sílẹ̀ lóru láìsí olùṣọ́. Ohun tó mú kí n kọ́kọ́ gbé e sún mọ́ àwọn ilé yẹn nìyí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá pariwo lóru rí ẹni tó máa dáhùn.

Ọmọ mi Ẹlẹ́dẹ̀ Kàbà, mo lọ dúró lórí ìpìlẹ̀ náà lówùúrọ̀ òní bí o ṣe ní kí n ṣe. Àwọn ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ní àríwá-ìlà-oòrùn mi. Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Gbogbo ìgbà òjò, orí wọn ni òórùn ẹran mi ì bá máa fẹ́ lọ.

ÌyáÌbejì_Ayétòrò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọkàn. Gbogbo àwọn tó ti sọ̀rọ̀ sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín nípa mọ̀lẹ́bí. Ẹ ní "oko bàbá wa". Ọmọ mélòó ni bàbá bí?

Mo ń béèrè nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo kọ́ ilé adìyẹ sí ilẹ̀ bàbá tiwa ní Ayétòrò. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fún mi láyè lẹ́nu, a kò kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó kú, ọmọ rẹ̀ ti Èkó dé, ó ní obìnrin tó ti wọ ilé ọkọ kò ní nǹkan ní ilẹ̀ àwọn. Irọ́ ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá ọmọ ni ọmọ ń jẹ́, obìnrin a máa jogún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, adìyẹ ti tán nínú ilé náà kí ó tó parí.

Ẹ pe gbogbo wọn jọ, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi. Ẹ ra obì, ẹ se oúnjẹ. Kí olórí ẹbí buwọ́ lù ú tàbí kó tẹ ìka, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ẹni kan tó buwọ́ lù ú, kí wọ́n kọ gígùn àti ìbú ibi tí wọ́n fún yín sínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń buwọ́ lù ú.

Ẹ tún lọ bá àwọn obìnrin tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ nísàlẹ̀. Wọn kì í lọ sí ọ́fíìsì kankan, ẹnikẹ́ni kì í sì í fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ló máa kọ́kọ́ mọ̀ bí omi bá yí padà.

Aláfẹ̀yìntì_ÈtòÌlú

Ohun tí ìyá ìbejì sọ yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti rí fáìlì tó pé láti òkè dé ìsàlẹ̀ tó sì dúró ọdún mẹ́ta nítorí ìbúwọ́lùwé àbúrò kan ṣoṣo.

Lórí ti ààbò, Tísà, òótọ́ lẹ sọ. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà yín bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, pé ìdí tí ilé náà kò fi lè jìnnà ju báyìí lọ nìyí. Ẹni tó bá máa ṣe àyẹ̀wò kò lè mọ èrò yín bí ẹ kò bá kọ ọ́. Ṣé kò sí igun mìíràn nínú éékà mẹ́fà yẹn?

ÌyáEléwúrẹ́

Ẹ máa bínú pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò kọ nǹkan kan. Mo wà lórí ẹ̀ ni.

Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi mú tépù lọ sí oko. Láti ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́ dé ògiri ilé tó sún mọ́ ọn jù, mítà 38. Láti ibẹ̀ dé etí odò, mítà 61, ilẹ̀ náà sì da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ títí dé omi. Nígbà tí mo rí nọ́ńbà yẹn lórí tépù, ó rẹ̀ mí. Mo ti rò pé ó jìnnà.

Igun kan wà ní òkè oko, ní àríwá-ìwọ̀-oòrùn, níbi tí bàbá wa ti máa ń gbin bàbà. Òkúta pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ́kọ́ rò ó. A wọn ọ́n: mítà 140 sí ilé tó sún mọ́ ọn jù, ó ju mítà 200 lọ sí odò, atẹ́gùn òjò ò sì gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́ yàrá méjì fún ara rẹ̀ láàárín ibẹ̀ àti ọ̀nà, kò ní jù mítà 40 lọ sí ẹran. Bí ó bá pe èèyàn láti ibẹ̀, àwọn ará ilé yẹn á gbọ́. A pariwo, a dán an wò. Ìyàwó ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́lé sì jáde síta wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn nìyẹn. Oyún ọmọ àkọ́kọ́ wà nínú ìyàwó náà. Mo jókòó, mo ṣàlàyé, mo fi pláànù hàn wọ́n. Ọkọ rẹ̀ ò bi mí nípa òórùn rárá, eṣinṣin ló bi mí léèrè. Ó ní ní ibi tí àwọn ń gbé tẹ́lẹ̀, eṣinṣin ni kò jẹ́ kí àwọn sùn. A fẹnu kò pé gbogbo Sátidé ni màá máa kó imí tó wà lábẹ́ pákó lọ sínú kòtò, kí n fi erùpẹ̀ bò ó títí á fi jẹrà di ajílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n jẹ́ kí òun máa rí díẹ̀ kó fún ọgbà ẹ̀fọ́ òun. Àwọn méjèèjì buwọ́ lu lẹ́tà mi. Àwọn obìnrin odò náà gbọ́, ìyá tó dàgbà jù nínú wọn bá mi gòkè lọ wo ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní ó dáa.

Ìyá ìbejì, ọmọ mẹ́sàn-án ni bàbá wa bí, méje ló kù. Méjèèje ló buwọ́ lù ú. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà tẹ ìka. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọmọbìnrin rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú lé orí ìwé, ó béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Ṣé ibi bàbà ni?" Mo ní, "Ibi bàbà ni, ẹ̀gbọ́n mi." Ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́."

A hú àwọn búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ àkọ́kọ́. Nínú 96, 71 jáde láì fọ́. Mo fi ìwé gbogbo sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ajé, mo sanwó ní báńkì, rìsíìtì wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀dọ́bìnrin tó gba fáìlì náà ka lẹ́tà náà tán, ó wo àwòrán kẹta, ó gbójú sókè, ó ní, "Ìyá, ta ló sọ fún yín pé kẹ́ ẹ fi atẹ́gùn sí i?" Mo ní ọmọ mi kan ní Kàbà ni.

Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Mo ti kan èèkàn mẹ́rin sí ibẹ̀, mo sì fi okùn yí i ká kí wọ́n lè rí i láti ojú ọ̀nà. Màá padà wá sọ ohun tí wọ́n bá sọ. Bàbá aláfẹ̀yìntì, tí wọ́n bá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò mọ̀, ṣé mo lè pè yín lórí fóònù?

Aláfẹ̀yìntì_ÈtòÌlú

Ẹ pè mí, Tísà. Àárọ̀ ló dáa jù. Ẹ wọ bàtà tó lè rìn lórí òkúta, kí ẹ sì mú tépù yẹn dání. Ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn wọn ọ́n.